Ọwọ́ Ọmọdé Kò Tó Pẹpẹ

Àwọn baba wa ní, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí ìyá kan ní Òkèrèwè, ní Ilé-Ifẹ̀, bá rán ọmọ rẹ̀ pé kí ó gbé ìkòkò kúrò lórí pẹpẹ, tí ọmọ náà nà títí, tí ìkòkò já bọ́ tí ó sì fọ́, ta ni ó jẹ̀bi? Ọmọ ni a óò kọ́kọ́ bá wí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kan pẹpẹ sí ibi gíga ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí kan èmi olùkọ́ fúnra mi. Ní ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọmọ kékeré kan wà ní kíláàsì mi tí ìwé kíkọ rẹ̀ wọ́ bí ipa ejò. Mo nà án lẹ́gba. Ní ọjọ́ kan ni mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì: ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀, etí tábìlì sì ga dé àyà rẹ̀. Mo wá ìjókòó àti tábìlì tí ó bá a mu fún un. Kò pẹ́ tí ìlà ìwé rẹ̀ fi tọ́. Láti ìgbà náà ni ẹgba ọ̀hún ti ń dun èmi tí mo nà án.

Irú ẹjọ́ yìí ti wáyé níbi tí ó tóbi ju kíláàsì lọ. Nígbà ogun Hitler, àwọn awakọ̀ òfurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ń wa B-17 a máa balẹ̀ láyọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn kan bá fẹ́ ká pátákó ẹ̀yìn apá ọkọ̀ wọlé, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni wọ́n ń ká. Ọkọ̀ a sì fi ikùn lélẹ̀. Ní 1943, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Alphonse Chapanis lọ wo ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí. Ó rí i pé ọwọ́ ìdarí méjèèjì jọra bí ìbejì, wọ́n sì wà nítòsí ara wọn. Àwọn tí ń wa irú ọkọ̀ mìíràn, níbi tí ọwọ́ ìdarí wọ̀nyí kò ti jọra, kì í ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Chapanis kò tún awakọ̀ ṣe, ọkọ̀ ni ó tún ṣe. Ó fi róbà rìbìtì bí táyà sórí ọwọ́ tí ń ká ẹsẹ̀, ó sì fi èyí tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́nu sórí èkejì, kí ọwọ́ ènìyàn lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀ láìwò.

Ìmọ̀ yìí ní orúkọ. Ní 1857, Wojciech Jastrzębowski, ará ilẹ̀ Pólàǹdì, so ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì pọ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí iṣẹ́ àti èyí tí ó túmọ̀ sí òfin, láti fi sọ ọ́ lórúkọ. Ní 1949, K. F. H. Murrell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìlú Ọba dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún un, wọ́n sì ń pè é ní ergonomics.

Ilé pẹ̀lú jẹ́ ohun èlò. Òfin tí ó dá Yunifásítì Ifẹ̀ sílẹ̀ jáde ní 1961. Ìbàdàn ni ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1962, kí wọ́n tó kó wá sí Ifẹ̀ ní 1967. Ní 1987 ni a sọ ọ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Arieh Sharon, ará Ísírẹ́lì, ni ó ya àwòrán ọgbà náà. Ó mú kí àjà òkè àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, bí òkìtì tí a dorí rẹ̀ kodò. Òkè ń ṣíji bo ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn àti òjò, atẹ́gùn sì ń gba inú ilé kọjá. A kò ní kí akẹ́kọ̀ọ́ máa fara da ooru. Ilé ni a ní kí ó gbà á lọ́wọ́ ooru.

Ẹ̀yin ọmọ mi tí yóò di káfíńtà, bíríkìlà àti ẹnjiníà lọ́la, ẹ kọ́kọ́ wọn ènìyàn kí ẹ tó wọn pákó. Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, bí ìkòkò bá fọ́, ẹ wo pẹpẹ kí ẹ tó mú ẹgba. Ó dàbọ̀ o.