Ọkọ̀ panápaná dé, ṣùgbọ́n ọ̀nà dà? Ìtàn iná láti ilé NET dé ọjà Kantamanto

Ní oṣù Kìíní ọdún 1983, iná ṣẹ́yọ ní ilé NET tó wà ní Marina, nílùú Èkó tó jẹ́ olú ìlú Nàìjíríà nígbà náà. Ilé alájà 32 ni, ó ga tó mítà 160, kò sì sí ilé mìíràn tó ga tó o ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Iléeṣẹ́ tó ń rí sí ìpè tẹlifóònù láàrin Nàìjíríà àti ilẹ̀ òkèèrè ló ni ín.

Ariwo ìwà àjẹbánu ti ń lọ nípa iléeṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi gbà pé ńṣe ni ẹnìkan fẹ́ fi iná pa ẹ̀rí rẹ́. Inú bí ará ìlú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ṣe ìwọ́de. Nígbà tí ọdún náà fi máa parí, àwọn ológun ti gba ìjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Shehu Shagari.

Ọ̀rọ̀ òṣèlú bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ kó gba iwájú, ìyẹn bí òṣìṣẹ́ panápaná yóò ṣe gbé omi dé àjà 30, kò rí ẹni gbọ́ tirẹ̀.

Kí ló dé tí omi kì í dé òkè?

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ní gbogbo mítà 10 tí omi bá fi gòkè, ó máa ń jẹ bar 1 nínú agbára pọ́ǹpù. Pọ́ǹpù ọkọ̀ panápaná sì sábà máa ń ṣiṣẹ́ ní nǹkan bíi bar 10. Láti gbé omi dé orí ilé NET, bar 16 ló máa kọ́kọ́ lọ sórí ìgòkè nìkan, kó tó kan agbára tí omi náà yóò fi tú jáde lẹ́nu rọ́bà.

Àkàbà ńkọ́? Èyí tó wọ́pọ̀ lórí ọkọ̀ panápaná káàkiri àgbáyé kì í sábà ju nǹkan bíi mítà 30 lọ. Ọkọ̀ alápá gígùn tí iléeṣẹ́ Bronto Skylift ní Finland ń ṣe, tó wà lára èyí tó ga jù láyé, dé mítà 112. Bí wọ́n bá gbé e wá sí Marina lónìí, orí ilé NET ṣì jìnnà sí i.

Inú ilé fúnra rẹ̀ ni ìrànlọ́wọ́ gbọ́dọ̀ ti wá. Ní England, fún àpẹẹrẹ, ìlànà ilé kíkọ́ ní kí ilé tí àjà òkè rẹ̀ bá ju mítà 18 lọ ní àtẹ̀gùn àti lífítì fún panápaná, tí ògiri tí iná kì í tètè jẹ yí wọn ká. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ ri páìpù mọ́ ilé náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Òfìfo ni páìpù yìí máa ń wà bí ilé náà kò bá ga púpọ̀. Panápaná á so rọ́bà mọ́ ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀, wọn á fi omi ránṣẹ́ sókè. Bó bá ti ju mítà 50 lọ, omi gbọ́dọ̀ wà nínú páìpù náà tọ̀sán tòru, pẹ̀lú táǹkì àti pọ́ǹpù tirẹ̀.

Ìwé òfin wà nílẹ̀

Ọdún méjì lẹ́yìn ti NET, ní oṣù Kìíní ọdún 1985, iná jó Cocoa House, ilé alájà 26 nílùú Ìbàdàn. Ọdún 1992 ni wọ́n tó tún un ṣe tán. Ní 1993, ó kan Independence House l'Ékòó.

Kì í ṣe pé kò sí òfin. Iṣẹ́ panápaná ti wà ní Èkó láti 1901, lábẹ́ iléeṣẹ́ ọlọ́pàá. Òfin iléeṣẹ́ panápaná jáde ní 1963, ìlànà ilé kíkọ́ Nàìjíríà ní 2006, ìlànà ààbò lórí iná ní 2013. Ṣùgbọ́n Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti sọ ní 2003 pé ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni àṣẹ ètò ilé kíkọ́ wà. Ìpínlẹ̀ tí kò bá sọ ìlànà yìí di òfin tirẹ̀, ìwé lásán ló jẹ́ níbẹ̀.

Ọjà tí ọkọ̀ kò lè wọ̀

Ilé gíga kò pọ̀ ní Nàìjíríà, ọjà ló wà níbi gbogbo. Nínú ọjà, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ panápaná nílò ọ̀nà tó fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 3.7. Ọ̀pọ̀ ọjà ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni tábìlì yóò jáde síwájú ìsọ̀, tábìlì á di àtíbàbà, àtíbàbà á di ìsọ̀ onílẹ̀kùn irin tí wọ́n ń gba owó lórí rẹ̀. (Àwọn tó ń gba owó náà kúkú mọ̀ pé ojú ọ̀nà ni.)

Ní oṣù Kẹta ọdún 2016, ìsọ̀ tó lé ní 3,800 ló jóná ní ọjà Sabon Gari nílùú Kano.

Ti Onitsha yàtọ̀ díẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, ọkọ̀ epo bẹ̀ntiróòlù ṣubú, iná rẹ̀ ran dé ọjà Ochanja, ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ sì wà lára àwọn tó kú. Wọ́n ní láti ké pe panápaná láti Asaba, ní ìpínlẹ̀ mìíràn, lódì kejì odò Niger.

Bí ọkọ̀ bá tilẹ̀ dé, omi inú rẹ̀ kì í pẹ́ tán. Èyí tó gbé lítà 10,000, bó bá ń tú lítà 1,000 jáde níṣẹ̀ẹ́jú kan, ìṣẹ́jú 10 péré ni. Bí kò bá sí ẹ̀rọ omi panápaná tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́bàá títì, ó di dandan kó lọ wá omi. Ìgbà náà ni èrò máa ń pariwo pé wọn kò gbé omi wá rárá, tí òkúta á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fò.

Ní Ghana, ọkọ̀ panápaná 13 ni wọ́n kó lọ sí Kantamanto, ọjà òkìrìkà ńlá nílùú Accra, nígbà tó gbiná lálẹ́ ọjọ́ 1, oṣù Kìíní, ọdún 2025. Síbẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú ọjà náà ló jóná, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọlọ́jà sì pàdánù ọjà wọn.

Ilẹ̀ tó ṣófo ni àkókò tó dára jù láti fẹ ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kí ọ̀nà tó lè fẹ̀, ìsọ̀ àwọn kan gbọ́dọ̀ kéré sí i, ẹni tí iná ti jó ọjà rẹ̀ kò sì ní agbára àtidúró kí wọ́n fi okùn wọn ilẹ̀. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, àwọn ọlọ́jà Kantamanto ti ń kan pákó padà.