Òkúta Wẹ́wẹ́ Inú Ààfin: Bí Ìjọba Dàhòmì Ti Ń Ka Ènìyàn

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ní ìjọba Dàhòmì tí ó múlé tì wọ́n ní ìwọ̀-oòrùn, ọba a máa ka ọmọ fún gbogbo ọlọ́mọ, láìsí ìwé, láìsí kálámù. Ní iléeṣẹ́ òde òní, akọ̀wé ni ó ń kọ ọjà ojoojúmọ́ sílẹ̀, ọ̀gá ẹ̀ka a kó o jọ, ọ̀gá àgbà a sì fi àpapọ̀ rẹ̀ pinnu. Ètò Dàhòmì fi hàn pé pínpín ìròyìn sí ìpele-ìpele báyìí ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé.

Melville Herskovits, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá, ọmọ Amẹ́ríkà, ni ó gbọ́ àlàyé ètò yìí ní Abomey ní 1931, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1938. Nítorí pé ìrántí ni, àwọn onítàn kì í gba gbogbo rẹ̀ láìwádìí. Ṣùgbọ́n ìlànà rẹ̀ hàn kedere.

Ìpele kìn-ín-ní ni abúlé. Baálẹ̀ ni ó mọ ẹni tí a bí àti ẹni tí ó kú, tí ó sì ń ròyìn wọn fún ìjòyè tí ó wà lókè rẹ̀. Ìpele kejì ni ìjòyè ẹkùn, tí ó ń kó ìròyìn àwọn abúlé jọ lọ sí ààfin. Ìpele kẹta ni ààfin fúnra rẹ̀. Níbẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ kan dúró fún ènìyàn kan. A ya ti ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára ti obìnrin, ti ọmọdé kúrò lára ti àgbà. Ẹni tí baálẹ̀ fi orúkọ mọ̀, iye ni ọba fi mọ̀ ọ́n.

Wọn kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnìkan ṣoṣo gbọ́. Ìjòyè ọkùnrin kọ̀ọ̀kan ní obìnrin kan nínú ààfin tí a ń pè ní ìyá rẹ̀, tí ó ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀, tí ó sì ń fi í sọ́kàn, kí ọ̀rọ̀ òní má baà yàtọ̀ sí ti àná. Àṣírí ọba ni àpapọ̀ iye náà. Bí ọba tuntun bá jẹ, a ó mú un wọ ilé tí àwọn àpò òkúta wà, kí ó lè mọ̀ pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí gan-an ni Dàhòmì.

Ìṣákọ́lẹ̀ àti ogun ni wọ́n ń fi iye náà ṣètò. Àwọn aládùúgbò sì rí èso rẹ̀: ogun Dàhòmì kọlu Abẹ́òkúta ní 1851 àti 1864, ó sì fọ́ Kétu ní 1886. Ọba tí ó ń bọlá fún òkúta tí ó dúró fún àwọn ènìyàn rẹ̀ náà ni ó ń ta ọmọ ọlọ́mọ ní èbúté Ouidah.

Ní oṣù Kọkànlá 1892, bí àwọn ọmọ ogun Faransé ti ń wọ Abomey bọ̀, ọba Behanzin ti iná bọ ààfin; ní oṣù Kìn-ín-ní 1894, ó jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Iye tí ó jẹ́ àṣírí ẹnìkan kò lè pẹ́ ju ìtẹ́ rẹ̀ lọ. Ọ̀nà tí a fi ń kà á, tí ó wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, ni ó yè.