Nancy Rabalais
Nancy Rabalais jẹ́ onímọ̀ nípa òkun, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tó ń ṣèwádìí ìpalára tí iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ń ṣe fún omi etíkun Louisiana, níbi tí odò Mississippi ti ń wọ òkun. Láti 1985 ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń wọ ọkọ̀ lọ wọn ọ́síjìn ìsàlẹ̀ omi náà lásìkò ooru. Ajílẹ̀ tí òjò ń gbá kúrò lóko àgbàdo ni odò ń gbé wá, tí ewé wẹ́wẹ́ inú omi fi ń gbilẹ̀. Bí ìwọ̀nyí bá kú, wọ́n á rì, wọ́n á jẹrà, ìjẹrà yìí á sì gba púpọ̀ nínú ọ́síjìn ìsàlẹ̀ omi. Ẹja lè sá. Ekòló inú ẹrẹ̀ kò ríbi sá sí. Ní 2017, agbègbè tí ọ́síjìn ti dín kù gan-an fẹ̀ tó 22,720 kìlómítà níbùú lóòró. Rabalais gba ẹ̀bùn MacArthur ní 2012.