Germaine Acogny, Ìyá Oníjó tí Àjàṣẹ́ Bí

Ní apá tiwa yìí, láti Ayétòrò dé Ìjerò, láti Aramọkọ dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ẹni tí ó bá fẹ́ di agbẹ́gilére ní láti lọ sin ọ̀gá, kí ó máa gbálẹ̀, kí ó máa pọ́n ọ̀bẹ, títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi tọ́. Irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ni Agbọnbiọfẹ, tí ó kú ní 1945, tí Ẹ̀fọ̀n sì fi ń yangàn títí di òní. Ṣùgbọ́n ijó, orí ẹ̀yìn ìyá ni ọmọ ti ń kọ́ ọ, kò sì sí ẹni tí ń mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá nítorí rẹ̀. Obìnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí ni ó sọ ijó ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú di iṣẹ́ tí ó ní ọ̀gá, tí ó ní ọmọ-iṣẹ́, tí ó sì ní ìlànà.

Àjàṣẹ́, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, ni a bí Germaine Acogny sí ní 1944. Ìyá bàbá rẹ̀, Aloopho, jẹ́ ọmọ Yorùbá àti abọ̀rìṣà. Bí ẹ bá sì gbọ́ pé Iya Tunde ni àkọlé fíìmù kan tí a ṣe nípa Germaine, kò yẹ kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé fún ọmọ Yorùbá ẹni tí ó padà wá. Kékeré ni ó wà tí ó fi dé Sẹ̀nẹ̀gàl. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ eré ìdárayá ní Paris, ó padà wá di olùkọ́, ní 1968 ó sì ṣí ilé ẹ̀kọ́ ijó rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Dakar.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Inú ijó ìbílẹ̀ ni ó ti fa ìlànà rẹ̀ yọ, kí ó tó da èyí tí ó kọ́ ní Yúróòpù pọ̀ mọ́ ọn. Eegun ẹ̀yìn ni ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀, ó ń pè é ní ejò ìyè. Àyà ni oòrùn, ìdí ni òṣùpá, abẹ́ ikùn ni ìràwọ̀. Ó sọ àwọn ìṣesí ijó náà lórúkọ, àràbà sì wà nínú wọn, àràbà bàbá igi, tí ọmọ Èkìtì kò ní gbọ́ kí ó má mọ irú ìdúró tí a ń béèrè lọ́wọ́ oníjó. Àwọn tí ń wí pé ijó wa kò lófin, ìwé rẹ̀, Danse Africaine, tí ó jáde ní 1980, ti dá wọn lóhùn, inú mi sì dùn pé ọwọ́ obìnrin Àjàṣẹ́ ni ìdáhùn náà ti wá.

Láti 1977 dé 1982 ni ó darí Mudra Afrique ní Dakar, ilé ẹ̀kọ́ tí Senghor, Ààrẹ Sẹ̀nẹ̀gàl nígbà náà, àti Maurice Béjart, ọ̀gá ijó ará Faransé, dá sílẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ sì ti inú ijó àwọn ará Íńdíà wá, níbi tí ìka ọwọ́ ti ń sọ̀rọ̀. Ó bá a mu gidigidi, nítorí àwọn ará Íńdíà ti mọ iyì olùkọ́ ijó tipẹ́: ọ̀dọ̀ àgbà olùkọ́ Meenakshisundaram Pillai ará Pandanallur ni Rukmini Devi, obìnrin oníjó ará Íńdíà, ti kọ́ ijó, kí òun náà tó wá dá ilé ẹ̀kọ́ Kalakshetra sílẹ̀ ní Madras ní 1936, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń wọ́ tọ̀ ọ́ bí omi.

Nígbà tí Mudra Afrique kógbá sílé, Germaine kò káwọ́ lérí. Ní 1998, òun àti ọkọ rẹ̀, Helmut Vogt, ọmọ Jámánì, dá École des Sables sílẹ̀ ní Toubab Dialaw, abúlé apẹja létí òkun, níbi tí gbọ̀ngàn kan ti ń jẹ́ orúkọ Aloopho, tí ilẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ iyanrìn. Láti oríṣiríṣi ilẹ̀ Áfríkà ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń wá síbẹ̀. Àwọn ọkùnrin oníjó rẹ̀ ni ó kó jọ tí òun àti Kota Yamazaki ará Japan fi gbé Fagaala kalẹ̀, ijó tí ó sọ ti ìpakúpa Rwanda, èyí tí ẹnu lásán kò lè rò tán. Ní 2020, oníjó 38 láti orílẹ̀-èdè 14 ní Áfríkà péjọ síbẹ̀ láti jó The Rite of Spring, ijó tí Pina Bausch, obìnrin oníjó ará Jámánì, gbé kalẹ̀. Àrùn kòrónà dí ọ̀nà ìrìn-àjò wọn, wọ́n sì jó o létí òkun níwájú kámẹ́rà. Ní 2021, àjọ Biennale ti Venice fún Germaine ní ẹ̀bùn Kìnnìún Oníwúrà nítorí iṣẹ́ ijó rẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà ni Alesandra Seutin, ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́ ìlànà náà lọ́dọ̀ rẹ̀, ti wà lára àwọn tí ó gba ìdarí ilé ẹ̀kọ́ náà.