Ọkọ̀ Tí Ó Ń Gbèsì: Ìtàn Bí Ìròyìn Ṣe Ń Rìn Lójú Ọ̀nà Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a ó fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe yìí fi hàn pé ó ti pẹ́ tí Yorùbá ti mọ̀ pé iṣẹ́ tí a rán ni ju ọ̀rọ̀ ẹnu lásán lọ. Ìlú lè là nítorí rẹ̀, ìlú sì lè tú nítorí rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀gbá nílé lóko, a ti gbọ́ ìtàn ogun àti ìtàn oyè lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà. Èyí tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lọ́tẹ̀ yìí ni ìtàn ìròyìn fúnra rẹ̀: bí ó ṣe ń ti ọwọ́ ẹnì kan dé ọwọ́ ẹnì kejì lójú ọ̀nà, títí ó fi dé orí ẹ̀rọ kékeré tí a ń so mọ́ inú ọkọ̀, èyí tí ń sọ̀rọ̀ tí ó sì ń gba èsì.

Kí ìwé tó dé, àrokò ni àwọn baba wa fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a so pọ̀ a máa sọ fún ẹni tí ó gbà á pé ọkàn ẹni tí ó rán an fà sí i, nítorí ẹ̀fà bá fífà mu. Owó ẹyọ mẹ́jọ a sì máa wí pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ. Ẹ kíyè sí i pé àrokò kì í ṣe ohun ẹnì kan ṣoṣo. Bí ẹni tí ó dì í bá mọ ìtumọ̀ rẹ̀, tí ẹni tí ó tú u kò sì mọ̀ ọ́n, owó lásán ni ó gbà. Àdéhùn tí ó ti wà láàárín àwọn méjèèjì ni ó sọ ẹyọ di ọ̀rọ̀. Kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó tún bá a pàdé níwájú.

Ohun tí ìròyìn tí ó dé lásìkò lè ṣe, Abẹ́òkúta ti fojú rí i. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta 1851, Gezo ọba Dàhòmì kó ogun rẹ̀ wá bá ìlú wa, tọkùnrin tobìnrin. Àwọn ará Ìṣàgá, tí ogun náà gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá, ṣe bí ẹni pé ti ọba náà ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n gbà á nímọ̀ràn pé ojú ọ̀sán gangan ni kí ó jà, kí ó sì gba ìhà tí odi ti le. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ránṣẹ́ níkọ̀kọ̀ sí Abẹ́òkúta. Nígbà tí ogun fi máa dé, àwọn Ẹ̀gbá ti múra sílẹ̀, wọ́n sì lé e padà. Ìṣàgá san gbèsè iṣẹ́ náà: ní 1862, Glele ọmọ Gezo wá gbẹ̀san, ó sì run ìlú wọn. Nítorí náà, bí a bá ń ka orúkọ àwọn tí ó gba Abẹ́òkúta là, kí a má ṣe gbàgbé àwọn tí ó rán iṣẹ́ náà àti ẹni tí ó jẹ́ ẹ.

Lẹ́yìn ogun 1851 náà ni ìwé ìròyìn dé. Henry Townsend tẹ Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá 1859. Owó ẹyọ 120 ni a ń tà á, ó sì ń jáde títí di ìgbà Ìfọ́lé ní 1867. Nígbà tí ó di 1901, ojú irin tí ó gba Àró kọjá ti dé Ìbàdàn, wáyà tẹligíráàfù náà sì dé. Ìròyìn tí ń fẹsẹ̀ rìn wá di èyí tí ń gba orí irin. Ṣùgbọ́n ìròyìn orí wáyà ní àléébù kan: ẹni tí ó bá gé wáyà ti gé ọ̀rọ̀. Nígbà Ogun Àdùbí ní 1918, tí inú bí àwọn ará oko nítorí owó orí àti iṣẹ́ àfipáṣe, wọ́n hú ojú irin, wọ́n sì gé wáyà ní ìhà gúúsù Abẹ́òkúta. Àléébù kejì ni pé wáyà kò lè bá ẹni tí ó wà lórí ìrìn sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ kúrò ní ibùdókọ̀ ti kúrò lábẹ́ ìpè, àfi ìgbà tí ó bá gúnlẹ̀.

Ní 1935 ni àpótí tí ń sọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, kí ó tó tàn dé àwọn ìlú mìíràn. Àwọn ènìyàn wa wò ó, wọ́n sì sọ ọ́ ní Asọ̀rọ̀mágbèsì. Nínú ìwé rẹ̀ tí ń jẹ́ Aké, tí ó jáde ní 1981, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ròyìn bí àpótí náà ṣe wọ ilé wọn nígbà ogun Hitler. Orúkọ náà bá a mu rẹ́gí. Ó ń wí, a ń gbọ́. Bí a kígbe títí ilẹ̀ fi ṣú, kò gbọ́ tiwa.

Ní òkè òkun pàápàá, asọ̀rọ̀mágbèsì ni redíò inú ọkọ̀ kọ́kọ́ jẹ́. Ní 1928, àwọn ọlọ́pàá ìlú Detroit ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí fi redíò gba àṣẹ nínú ọkọ̀ wọn. Ọlọ́pàá ń gbọ́ àṣẹ, ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ fèsì, àfi kí ó sọ̀ kalẹ̀ kí ó lọ wá tẹlifóònù. Ní 1933 ni àwọn ọlọ́pàá Bayonne ní ìpínlẹ̀ New Jersey bẹ̀rẹ̀ sí lo èyí tí ń gbọ́ tí ó sì ń dáhùn. Nígbà tí ó di 1940, àwọn ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Connecticut gba irú tuntun tí à ń pè ní FM, tí olùkọ́ kan, Daniel Noble, bá wọn ṣètò rẹ̀. Ariwo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kò tún fi bẹ́ẹ̀ bo ohùn mọ́.

Ogun ni ó mú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ súnmọ́ àwọn ọmọ wa. Ní 1944, ẹ̀ka ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 81, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, jà ní àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà. Kò sí ọ̀nà mọ́tò tí ó dára níbẹ̀; ọkọ̀ òfuurufú ni ó ń ju oúnjẹ àti ọta ìbọn sílẹ̀ fún wọn. Redíò ni wọ́n sì fi ń sọ ibi tí wọ́n wà. Bí redíò bá dákẹ́, ebi dé nìyẹn.

Nígbà tí àlàáfíà dé, redíò tí ń gbèsì di ti ọlọ́pàá, ti ológun, ti àwọn oníná mànàmáná àti ti àwọn ilé iṣẹ́ ńlá. Àwa yòókù ń fi ẹnu rán àwọn awakọ̀ níṣẹ́ ní ibùdókọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mọ́tò ń pọ̀ sí i, ikú ojú ọ̀nà náà sì ń pọ̀ sí i. Ọmọ Ẹ̀gbá kan náà tí a ti dárúkọ lókè, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣóyínká, wà lára àwọn tí ó dá ẹ̀ṣọ́ ojú ọ̀nà sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 1977. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ sì dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀ ní oṣù Kejì 1988, òun ni alága ìgbìmọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ̀ṣọ́ tí a kò lè pè kò yàtọ̀ sí ẹ̀ṣọ́ tí kò sí. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà kò lè dúró títí mọ́tò mìíràn yóò fi mú ìròyìn dé ìlú.

Ó yẹ kí a mọ bí ẹ̀rọ yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Bátìrì ọkọ̀, tí agbára rẹ̀ jẹ́ fóòtì 12, ni ó ń gbé e ró; ọ̀pá eriali a sì wà lórí ọkọ̀. Agbára irú tí ó wọ́pọ̀ máa ń tó wáàtì 25 sí 50, nígbà tí ti ọwọ́, wọkí-tọkí, kì í sábà ju 5 lọ. Ẹni tí ó fẹ́ sọ̀rọ̀ yóò kọ́kọ́ tẹ́tí bóyá ẹlòmíràn ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Yóò tẹ bọ́tìnì, yóò sinmi díẹ̀, yóò sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ṣókí, yóò sì jọ̀wọ́ bọ́tìnì kí èsì lè wọlé. Nítorí pé lórí ìkànnì kan, ẹnì kan ṣoṣo ni ó lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ gígùn ń gba ẹnu ẹlòmíràn lọ́wọ́ rẹ̀.

Àpáta tí ó dáàbò bo àwọn baba wa ní 1830 kò ṣojúure sí redíò. Ìgbì tí redíò ọkọ̀ ń lò a máa rìn tààrà bí ìmọ́lẹ̀, òkè a sì máa dí i. Nítorí náà ni a fi ń gbé ẹ̀rọ kan, tí à ń pè ní ripítà, sórí ibi gíga. Òun ni yóò gba ọ̀rọ̀ láti inú ọkọ̀ kan, tí yóò tún un sọ sókè fún àwọn yòókù tí ó wà lẹ́yìn òkè.

Títò ẹ̀rọ náà ni ó mú wa padà sí ọ̀rọ̀ àrokò. Redíò tuntun kò mọ ẹnì kankan. A ó fi okùn so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, a ó sì kọ ìkànnì kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀: iye ìgbì tí yóò fi gbọ́, iye tí yóò fi sọ, àti ohùn kékeré tí etí kì í sábà gbọ́, tí ó dà bí ọ̀rọ̀ àṣírí ẹnu ọ̀nà fún ripítà. Bí ọkọ̀ méjì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí ìgbì wọn kò sì dọ́gba, odi ni wọ́n sí ara wọn. Ẹ̀fà ẹni tí ó dì í gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀fà ẹni tí ó tú u. Bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ yan ìgbì bí ó ti wù wá, nítorí ó lè jẹ́ ti ọlọ́pàá tàbí ti ọkọ̀ òfuurufú. Àjọ NCC, tí a dá sílẹ̀ ní 1992, ni ó ń fúnni ní ìwé àṣẹ.

Ẹlòmíràn yóò wí pé ìgbà redíò ti kọjá, nítorí pé láti oṣù Kẹjọ 2001 ni fóònù alágbèéká ti ń dé ọwọ́ tọmọdé tàgbà. Òótọ́ ni pé fóònù ṣe wá lóore púpọ̀. Ẹnikẹ́ni lè fi pe 122 ti Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó tàbí 112 ti pàjáwìrì. Ṣùgbọ́n òpó ni fóònù gbára lé. Bí iná bá lọ lára òpó, fóònù gbogbo àdúgbò dákẹ́. Redíò méjì tí a tò dáadáa lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìsí òpó kankan láàárín wọn. Ẹ̀wẹ̀, fóònù a máa pe ẹnì kan. Redíò a máa pe gbogbo ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní oṣù Keje 2018, nígbà tí àgbàrá òjò ya wọ ilé ní Abẹ́òkúta tí ẹ̀mí sì ṣòfò, irú ìpè bẹ́ẹ̀ ni ìlú nílò: ìpè kan ṣoṣo tí gbogbo ẹ̀ṣọ́ yóò gbọ́ pọ̀.

Nítorí náà, mo ń fi ọ̀rọ̀ yìí lọ àwọn ẹgbẹ́ wa gbogbo, láti Èkó títí dé Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà. Bí a bá ń dá owó ra ọkọ̀ aláìsàn fún ìlú, kí a dá ti redíò mọ́ ọn. Kí a gba ìwé àṣẹ kí a tó ra ẹ̀rọ. Kí Ẹ̀gbá Aláké, Òkè-Ọ̀nà, Gbágùrá àti Òwu má ṣe to tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kí ìkànnì kan ó wà tí gbogbo wọn yóò jọ máa gbọ́ nígbà ewu. Kí a sì kọ́ àwọn awakọ̀ bí a ti ń tẹ́tí kí a tó sọ̀rọ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ìṣàgá fi ìlú wọn san owó iṣẹ́ tí wọ́n rán sí wa. Ti àwa kò gbà ju owó, àdéhùn àti ìkóra-ẹni-níjàánu lọ.