Àṣẹ kan náà, èsì méjì: bí àkáǹtì méjì kò bá fohùn ṣọ̀kan lórí sáfà

Èmi àti ọmọkùnrin kan tó ń gbé ní Ìsẹ̀-Èkìtì la jọ ń lo sáfà Linux kan, kálukú pẹ̀lú àkáǹtì tiẹ̀. Orúkọ oúnjẹ tí mò ń bèèrè iye rẹ̀ l'ọ́jà Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Èmùrè wà nínú fáìlì kan, iye owó wà nínú ìkejì. Àṣẹ paste ló ń so wọ́n pọ̀. Lọ́jọ́ kan ó fi sort to orúkọ nínú àkáǹtì tiẹ̀, ni owó àgbàdo bá bọ́ sórí gàrí. Ìyá oníṣòwò kan ní Èmùrè ló pè mí: "Ta ló ń ta gàrí níye yẹn?"

Nígbà tí mo tẹ sort lọ́dọ̀ tèmi, ohun tí mo rí ni àgbàdo, ẹ̀wà, gàrí, iṣu, kókò, ọ̀gẹ̀dẹ̀. Lọ́dọ̀ tiẹ̀, gàrí, iṣu àti kókò ló ṣáájú, kó tó wá kan àgbàdo, ẹ̀wà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Fáìlì kan náà o!

Locale ló fà á, ìyẹn ètò tó ń sọ fún àṣẹ pé èdè wo là ń lò. Tèmi jẹ́ yo_NG.UTF-8. Òun ti da LC_ALL=C tó rí níbì kan sínú .bashrc rẹ̀. C kì í wo lẹ́tà, nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi pa lẹ́tà mọ́ ló ń wò. Nọ́ńbà g, i àti k kò kọjá 127. Ti à, ẹ àti ọ ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀yìn ló máa ń tò wọ́n sí. (Ó dùn mí díẹ̀, èdè wa náà ni wọ́n tún tì sẹ́yìn.)

Bí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má tíì fọwọ́ kan fáìlì. Ẹ tẹ locale nínú àkáǹtì méjèèjì, kẹ́ ẹ fi wọ́n wéra. LC_ALL lọ̀gá, LC_COLLATE tẹ̀ lé e, LANG ló kẹ́yìn. Bí wọ́n bá dọ́gba, ẹ tẹ type sort, bóyá ẹnì kan ti fi alias síbẹ̀. Bí echo $PATH bá yàtọ̀, ó lè jẹ́ ètò mìíràn tó ń jẹ́ orúkọ kan náà lẹ̀ ń pè. Locale -a á sọ bóyá yo_NG tiẹ̀ wà lórí sáfà yín.

Inú script gan-an la wá kọ ọ́ sí: LC_ALL=yo_NG.UTF-8 sort ounje.txt. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé .bashrc, torí cron kì í kà á: iṣẹ́ tó dáa lọ́wọ́ yín lọ́sàn-án lè dàrú tí cron bá ń ṣe é lóru.

Mo tún da fáìlì méjèèjì pọ̀. Orúkọ àti owó ti wà lórí ìlà kan báyìí, ibi yòówù kí sort gbé gàrí lọ, owó rẹ̀ á bá a dé bẹ̀.