Ìbú Ìmọ́kedere Nínú Fọ́tò
Ìbú ìmọ́kedere ni àyè tó wà níwájú àti lẹ́yìn ohun tí ayàwòrán dojú lẹ́ńsì kọ, nínú èyí tí gbogbo nǹkan ṣì hàn ketekete lójú òǹwòran. Ọ̀gangan kan ṣoṣo ni lẹ́ńsì ń mú dáadáa. Ibi tó kù ń ṣe bàìbàì díẹ̀díẹ̀, ojú ènìyàn ni ó sì ń pinnu ibi tí ó ti pọ̀ jù. Fún fíìmù mìlímítà 35, ìṣirò sábà máa ń gbà pé kí àmì kékeré tó fẹ̀ di òbìrí má ju nǹkan bíi mìlímítà 0.03 lọ, ṣùgbọ́n òdiwọ̀n yìí kò ka ohun tí wọ́n ń yà sí, àbùkù rẹ̀ gan-an sì nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ ojú ènìyàn ni wọ́n ń yà, ẹyinjú tó mọ́ ti tó, etí ìbáà ṣe bàìbàì. Ìkùukùu pàápàá kì í tú àṣírí àìmọ́, nítorí kò ní ìlà tó dájú lára. Àmọ́ lẹ́tà ara pátákó, bíríkì ògiri àti ewé igi kò gba gbẹ̀fẹ́, torí òǹwòran ti mọ bí ó ṣe yẹ kí wọ́n rí. Ẹgbẹ́ ayàwòrán tó ń jẹ́ f/64, tí Ansel Adams àti Edward Weston wà nínú rẹ̀ ní California ní 1932, fi ihò lẹ́ńsì tó kéré gan-an, èyí tó ń mú ìbú yìí gbòòrò, sọ ara wọn lórúkọ.